Páálí ni bẹ́ẹ̀dì ẹ̀

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gba abẹ́ bíríìjì Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta níbí lọ sí ìsọ̀ mi ní Ìtòkú, mi ò rí nǹkankan rí, àfi lọ́jọ́ Túsìdeè tí ọmọ àbúrò mi tó wá lo họlidé bi mí pé "Bíìgì Mọ́ọ̀mì, kí ló dé tí bàbá yẹn ń ká bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ sínú àpò ìrẹsì?" Páálí lọmọ ń pè ní bẹ́ẹ̀dì o!

Láti ọjọ́ náà kò síbi tí mi ò ti rí àwọn tí ò nílé tí wọ́n ń sùn níta mọ́. Ìyá kan wà ní Sàpọ́n tó máa ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù kílẹ̀ tó mọ́ kí wọ́n má baà lé e, ọmọkùnrin kan wà ní Pánṣẹ́kẹ́ tó ń fi bàtà ẹ̀ ṣe ìrọ̀rí. Ẹnì kan tí mo ti ń pè ní wèrè látijọ́, mo kí i, ó dá mi lóhùn dáadáa, ó ní owó ilé ló lé òun jáde, lánlọ́ọ̀dù ní ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà lòun máa gbà. Ojú tì mí gan-an.

Àwa Ẹ̀gbá ńkọ́? Nígbà tógun lé àwọn bàbá wa débí ní 1830, ṣebí abẹ́ Olúmọ ni wọ́n sá sí, òun náà la fi ń jẹ́ Abẹ́òkúta. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa bi ìjọba, tójò bá dé, ibo ni kí wọ́n sùn?

Èmi, aládìrẹ ní Ìtòkú.