Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Wọ́n Ṣe Àpẹẹrẹ sí Baba Rẹ̀

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀, ẹ sì kú ìpalẹ̀mọ́ ìkórè.

Ibì kan wà nínú Lúùkù orí kìíní tí a máa ń sáré kà kọjá. Wọ́n ti bí Jòhánù, ó ti pé ọjọ́ kẹjọ, ẹbí àti ará àdúgbò ti kún ilé. Wọ́n fẹ́ sọ ọmọ ní orúkọ baba rẹ̀, Èlísábẹ́tì ní rárá o, Jòhánù ni. Ni wọ́n bá kọjú sí Sakaráyà. Ẹsẹ 62 ní wọ́n ṣe àpẹẹrẹ sí i. Gbogbo wa la mọ̀ pé baba yìí kò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ohùn rẹ̀ nìkan lọ, tí etí rẹ̀ là gedegbe, kí ni ẹnikẹ́ni ń fọwọ́ júwe fún un sí? Ẹnu ni wọn ì bá fi bi í. Lójú tèmi, etí Sakaráyà di pẹ̀lú. Ẹ wá wo ohun tí àwọn aládùúgbò yẹn ṣe. Wọn ò ní kó lọ jókòó sí yàrá títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Wọ́n fọwọ́ bi í, ó béèrè wàláà, ó kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sórí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí a wà yìí ni ọ̀sẹ̀ àwọn adití lágbàáyé, tó máa ń bọ́ sí ìparí oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ 23 oṣù náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì yà sọ́tọ̀ fún èdè ọwọ́. Mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ yìí látọdún tó kọjá, ojú ló ń tì mí.

Kí n tó dé ìjọ yìí, ìyá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún, wá bá mi. Wọ́n máa ń pe ọmọ náà, kì í dáhùn. Mo pàṣẹ ààwẹ̀. Òru mọ́kànlélógún ni mo fi gbé ọwọ́ lé etí ọmọ yẹn, tí mo ń pariwo pé "Éfátà!", ìyẹn "Ṣí!" Láàárín ìyẹn ni ìyá rẹ̀ wá sọ fún mi pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití ń gba ọmọ wọlé, pé kí ni kí òun ṣe. Mo ní kó dúró ná, pé tó bá mú un lọ síbẹ̀, ó ti gbà fún ọ̀tá nìyẹn. Ọdún méjì gbáko ni ọmọ náà fi jókòó sílé nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà o. Ẹ ṣáà ka Máàkù orí keje dáadáa. Jésù mú adití náà kúrò láàárín èrò. Ó fi ìka bọ̀ ọ́ ní etí, ó tutọ́, ó fọwọ́ kan ahọ́n rẹ̀, ó gbójú sókè ọ̀run, ó mí kanlẹ̀, kó tó wá sọ pé Éfátà. Gbogbo èyí ni ọkùnrin náà fi ojú ara rẹ̀ rí. Olúwa ti bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà tó yé e kí etí rẹ̀ tó ṣí. Èmi, ariwo ni mo pa.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé bí a bá kọ́ ọmọ ní èdè ọwọ́, kò ní lè fẹnu sọ̀rọ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ ọmọdé ń wá èdè láti kékeré bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń wá ọmú, kò sì bìkítà bóyá ẹnu ló ti wá tàbí ọwọ́. Èyí tí kò bá rí èdè kankan ní ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, ìwé kíkà, ìṣirò, kódà àtisọ ohun tó ń dùn ún, gbogbo rẹ̀ ni yóò le fún un. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn dára fún ẹni tó bá bá a mu. Ṣùgbọ́n kò dà bí awò ojú tí a kàn ń gbé wọ̀. Ó ń fẹ́ bátìrì, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì wà nínú dúrọ́ọ̀ báyìí.

Èdè ọwọ́ ò sì jìnnà sí wa tó bí a ṣe rò. Ta ni nínú wa tí ìyá rẹ̀ kò fojú bá wí rí níwájú àlejò? Ẹran wà nínú àwo, àlejò ní "wá mú u," o wo ojú màmá lẹ́ẹ̀kan péré, o ní "ẹ ṣeun sà, mo ti yó." Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan kan. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ẹni tó mú irú ẹ̀kọ́ yìí dé Ìbàdàn, adití ni òun náà. Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí ní Alabama ní 1925. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àìsàn yírùnyírùn dí òun àti arákùnrin rẹ̀ létí. Ní 1954, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Ó gba ipè Ọlọ́run, ó wá sí Accra ní 1957, nígbà tó sì di 1960, ọdún òmìnira wa gan-an, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Kó tó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní Rùwáńdà ní oṣù Kejìlá 1987, ilé-ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà ti lé ní 30. Èdè ọwọ́ tó gbé wá láti Amẹ́ríkà ni gbòǹgbò èyí tí àwọn ọmọ wa ń sọ nílé-ẹ̀kọ́ wọn lónìí. Míṣọ́nnárì ni o! Ìgbà tí mo ní kí ìyá yẹn má mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ adití, iṣẹ́ ìyìn rere ni mo ń dí lọ́wọ́, mi ò mọ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ wẹ́wẹ́, ẹ fetí sí èyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú ọmọ mẹ́wàá tí etí wọn di, mẹ́fà ló jẹ́ pé a lè dènà ohun tó fà á. Ẹ gba àjẹsára pé. Etí tó bá ń ṣọyún, ẹ má da òróró sí i. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí iyeyè, ẹ má dúró. Ẹ má sì jẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù òògùn kankan gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ jẹ́ńtà (gentamicin) láìsí ìwé dókítà, ó ń ba etí jẹ́.

Òfin tí Ààrẹ ìgbà náà, Buhari, fọwọ́ sí ní 2019 sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tó ní ìpèníjà ara títí dé girama. Òfin wà ní Àbújá, olùkọ́ tó mọ èdè ọwọ́ ò sí ní ilé-ìwé ẹ̀yìnkùlé wa. Ìyẹn ò ní ká má lọ béèrè.

Àmọ́ ibi tí ó ń dùn mí jù ni ilé. Ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití, ibẹ̀ ló ń gbé, ó gbọ́ èdè, ó ní ọ̀rẹ́, ìtàn kún ọwọ́ rẹ̀. Ó dé ilé fún họlidé, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ẹbí jókòó ti oúnjẹ, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, wọ́n ní "kò sí nǹkan kan." Àwọn àgbà ní bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bà jẹ́. Ẹni tó pa òwe yẹn kò bá adití gbélé.

Ọmọbìnrin yẹn ti wà ní girama báyìí. Ìyá rẹ̀ kọ́ èdè ọwọ́ títí ó fi mọ̀ ọ́n. Mo lọ kí wọn lóṣù tó kọjá, mo ní kí ìyá bá mi bi í bóyá ó rántí àwọn òru yẹn. Ó ní òun rántí. Ó ní òun rí i tí mo dijú, tí mo ya ẹnu, tí òógùn bò mí, tí mo di òun lórí mú. Ó ní òun rò pé mò ń bá òun jà ni, òun ò sì mọ ohun tí òun ṣe.

Nítorí náà, láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago méjìlá, lẹ́yìn ìsìn, nínú yàrá àwọn ọmọdé, a ó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì èdè ọwọ́. Adití ni olùkọ́ wa, ìjọ yóò sì máa sanwó fún un, mi ò fẹ́ gbọ́ "kó fi ṣe fún Olúwa." Orúkọ la ó kọ́kọ́ kọ́. Wọ́n ti sọ èmi lórúkọ ní èdè ọwọ́: ìka méjì ni a ó fi gba irùngbọ̀n. Ẹ̀yin bàbá, mo ṣàkíyèsí pé àwọn ìyá nìkan ló ti forúkọ sílẹ̀. Sakaráyà, bàbá ni.