Ẹ Má Ti Ilẹ̀kùn Ilé Ìkàwé Nígbà Ọlidé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn. Mo ka ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí bí àwọn ọmọ ṣe ń lo ọlidé gígùn ìgbà ooru, níbi tí ẹ ti sọ pé fóònù ti gba gbogbo ọjọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ ibì kan wà tí ẹ ò dárúkọ, ibẹ̀ ló sì mú kí n gbé bírò: ilé ìkàwé kékeré tó wà ládùúgbò.

Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀, mo ti fẹ̀yìn tì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, mo máa ń jókòó sídìí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nílé ìkàwé, mo ń bá wọn tún àwọn ìwé tó ti ya ṣe. Gọ́ọ̀mù, búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan, sísọ́ọ̀sì, àti igi pẹlẹbẹ méjì tí mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kó lè gbẹ, gbogbo irinṣẹ́ mi nìyẹn. Mi ò gbowó níbẹ̀, mi ò sì bèèrè. Iṣẹ́ yìí ló kọ́ mi ní ohun tí n ò rí kọ́ ní gbogbo ọdún tí mo fi dúró níwájú kíláàsì. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìwé tí ọmọdé fẹ́ràn, ẹ má wulẹ̀ bi í, ìdáhùn tó rò pé ẹ fẹ́ gbọ́ ló máa fún yín. Ẹ̀yìn ìwé ni kí ẹ wò. Èyí tó ń dán gbinrin lórí pẹpẹ, kò sẹ́ni tó kà á. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, tí ìka ọmọdé ti sọ etí rẹ̀ di dúdú, òun ni wọ́n ń jà sí.

Ìwé kan wà níbẹ̀ lórí alángbá, ọ̀pọ̀lọ́, ejò àti àwọn ará wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo ń lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, nígbà ọlidé tó kọjá, ojú ewé alágẹmọ ti já kúrò pátápátá, àmọ́ ẹnì kan ti fara balẹ̀ dá a padà sí àyè rẹ̀ kó má baà sọ nù. Ọmọbìnrin kan, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, wá dúró tì mí. Ó wo ìwé náà lábẹ́ igi pẹlẹbẹ fún ìgbà díẹ̀, ó wá rọra bi mí pé: "Mà, ìgbà wo ló máa sàn?" Mo ní kó wá lọ́la. Nígbà tí a máa fi dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó gba ìwé náà, ó ṣí i sí ojú ewé yẹn gan-an, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì kà á sí mi létí pé ahọ́n alágẹmọ lè gùn ju ara rẹ̀ lọ. Ó kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́ ọ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọmọ yìí kì í fẹ́ kàwé jáde ní kíláàsì rárá.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí ohun tí mo máa ń bá pàdé nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, ní gbogbo ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé padà. Ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, la fi máa ń tún ohun tí àwọn ọmọ ti mọ̀ kí ọlidé tó dé kọ́ wọn. Ojú inú mi kọ́ ló rí i. Ní 1996, Harris Cooper àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 39 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì rí i pé ohun tó tó ẹ̀kọ́ oṣù kan ni ọmọ máa ń pàdánù nígbà ọlidé gígùn, tí a bá mú un ní ìpíndọ́gba. Ní ti ìwé kíkà, ara ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí já jẹ ni àdánù ọ̀hún ti ń hàn jù. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ tí ìwé wà nílé rẹ̀ ń kà nìṣó. Ọmọ tí ìwé kò sí nílé rẹ̀, ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ parí ni ìwé parí fún un, àfi tí ẹnì kan bá ṣí ilẹ̀kùn mìíràn fún un.

Ilẹ̀kùn mìíràn yẹn ni mò ń bá yín sọ. Barbara Heyns ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, ó sì gbé e jáde ní 1978. Ó rí i pé lílo ilé ìkàwé wà lára ohun tó bá ìtẹ̀síwájú àwọn ọmọ rìn jù lọ nígbà ìsinmi. Lẹ́yìn ìyẹn, Richard Allington, Anne McGill-Franzen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fún àwọn ọmọ tálákà ní ìpínlẹ̀ Florida ní ìwé 12 lọ́lidé kọ̀ọ̀kan, fún ọdún mẹ́ta gbáko. Àwọn ọmọ náà ló fọwọ́ ara wọn ṣa ìwé tí wọ́n fẹ́. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010: wọ́n mọ̀wé kà ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò gba ìwé lọ. Gbólóhùn "wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣà á" ló dùn mọ́ mi jù níbẹ̀, torí ohun tí mò ń fojú ara mi rí nìyẹn. Alágẹmọ ló gbé ọmọ yẹn dé ibi tí ìwé kíláàsì kò gbé e dé.

Wàyí o, ohun tó ń dùn mí rèé. Lọ́jọ́ kejì tí ilé ẹ̀kọ́ parí lọ́dún tó kọjá, wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ilẹ̀kùn: láti agogo mẹ́jọ àárọ̀ sí agogo kan ọ̀sán ni a ó máa ṣí, a kò sì ní ṣí ní Sátidé títí ọlidé á fi parí. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún wa ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò sí mọ́, pé èrò á dín kù, pé àwọn òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ lọ ìsinmi. Mi ò bá òṣìṣẹ́ kankan jà. Wọn ò pọ̀, wọ́n ń ṣe dáadáa, ìsinmi sì tọ́ sí wọn. Aago tí wọ́n mú ni mo bá jà. Ta ló ń mú ọmọ wá sílé ìkàwé láàárọ̀ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà níbi iṣẹ́? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo gba ibẹ̀ kọjá, ọmọ mẹ́rin jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, wọ́n korí jọ sórí fóònù kan ṣoṣo. Olóòtú, fóònù tí ẹ kọ̀wé lé lórí nìyẹn. Ìwé wà lẹ́yìn wọn níbẹ̀, pátákó kan péré ló là wọ́n láàárín.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé nìkan sì kọ́. Bàbá àgbàlagbà kan wà tó máa ń wá ka ìwé ìròyìn yín láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìkéde òkú. Ó ń dá gbé ni. Tí kò bá yọjú lọ́jọ́ méjì, alákòóso ilé ìkàwé á pè é lórí fóònù, kò sì sí ẹni tó rán an níṣẹ́ yẹn. Ọ̀sán gangan ni ilé bàbá yìí máa ń gbóná bí ààrò, ọ̀sán gangan náà ni wọ́n wá ń ti ibi tó tutù mọ́ ọn. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí ṣeré. Ní July 1995, ooru pa èèyàn tó lé ní 700 ní ìlú Chicago láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àgbàlagbà tí kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ wọ́n wò. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìlú ló ń fi ilé ìkàwé ṣe ibi ìforí-pamọ́ lọ́wọ́ ooru.

Àwọn ọ̀dọ́ kan tún wà tí wọ́n máa ń jókòó ti àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́ kí aago tó yí padà, wọ́n ń kọ́ wọn bí a ṣe ń fi àwòrán ránṣẹ́ àti bí a ṣe ń dá àwọn oníjìbìtì mọ̀ lórí fóònù. Ìyá kan tó rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tuntun fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí fóònù níbẹ̀ dìde dúró, ó ń kí gbogbo ilé. Ilé tó yẹ kó dákẹ́ rọ́rọ́ ni o, kò sì sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.

Ní ti eré ìwé kíkà tí wọ́n máa ń ṣe fún àwọn ọmọ, mo ní èrò kan. Ní ilẹ̀ Bìrìtìkó, láti 1999 ni wọ́n ti ń pe àwọn ọmọ láti ka ìwé mẹ́fà nígbà ọlidé. Mẹ́fà péré, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bùn fún ẹni tó ka ìwé jù lọ kò bá mi lára mu, torí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n á máa ṣà. Ọmọ alágẹmọ wa ka ìwé kan ṣoṣo léraléra ní gbogbo ọlidé. Lórí káàdì tí wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ sí fún ìwé kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá kà, òǹtẹ̀ kan péré ló ní. Bí ẹ bá bi mí, kò sẹ́ni tó kàwé jù ú lọ.

S. R. Ranganathan, ará Íńdíà tí àwọn onímọ̀ ilé ìkàwé kárí ayé ń bọ̀wọ̀ fún, gbé òfin márùn-ún kalẹ̀ ní 1931. Àkọ́kọ́ ni pé ìwé wà fún lílò. Abẹ́ òfin yẹn gan-an ló ti sọ̀rọ̀ lórí aago tí ilé ìkàwé ń ṣí àti èyí tó ń tì. Ó mọ̀ pé bí ìwé ti wù kó dára tó, tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì lásìkò tí àyè gba èèyàn, ẹrù ààtò lásán ni.

Ohun tí mò ń bẹ̀ fún kò ní ná ẹnikẹ́ni lówó kún èyí tí wọ́n ń ná. Wákàtí márùn-ún ni agogo mẹ́jọ sí agogo kan. Wákàtí márùn-ún náà ni agogo méjì ọ̀sán sí agogo méje alẹ́. Kí wọ́n jọ̀wọ́ gbé e síbẹ̀ nígbà ọlidé tó ń bọ̀. Kí wọ́n pín ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ kó má bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà. Ní ti Sátidé, mo ti fi orúkọ mi sílẹ̀ pé n ó máa wá, àwọn mẹ́rin mìíràn sì ti fi tiwọn sílẹ̀, olùkọ́ àtijọ́ bíi tèmi ni méjì nínú wọn. Oṣù méjì ló kù kí ilé ẹ̀kọ́ parí. Kí àwọn tó ni àṣẹ fún òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo láyè láti mú kọ́kọ́rọ́ wá, a ó ti máa dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń lẹ̀wé nílé ìkàwé