Ìkéde: Ẹ̀kọ́ fún àwọn tí Ọlọ́run pè sí iṣẹ́ ìránṣẹ́, ní Kétu, orílẹ̀-èdè Benin

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o.

Ẹ̀kọ́ wa yóò bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kétu. Yorùbá la ó fi ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó sílé nítorí pé kò gbọ́ Faransé.

Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 2 la ó fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 1 Kọ́ríńtì 12 sí 14. A ó pẹ́ níbẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ́ sílẹ̀ nínú ìjọ: ta ni yóò túmọ̀ èdè àjèjì tí Ẹ̀mí Mímọ́ fi sí èèyàn lẹ́nu, báwo la ṣe ń dán àsọtẹ́lẹ̀ wò?

Àwọn kan ń sọ pé ẹni tí Ẹ̀mí bà lé kò nílò ẹ̀kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo William Seymour, ọmọ àwọn tó ti ṣẹrú rí ní Amẹ́ríkà. Torí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ìta yàrá ló ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Houston, síbẹ̀ ó ń lọ. Òun ló ṣáájú ìsọjí Azusa Street ní Los Angeles lọ́dún 1906, èyí tó mú kí ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì tàn káàkiri ayé.

Tọkùnrin tobìnrin la pè. Ẹ mú Bíbélì, ìwé àti bírò dání, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọ kó tó di ọjọ́ Ẹtì.