Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ọ̀kadà ní Kàbà

Àbúrò mi,

Ọ̀kun o. Wọ́n ní o fárígá pé o ò ránṣọ, ọ̀kadà lo fẹ́ máa tún ṣe, wọ́n sì ń pè ọ́ ní olóríkunkun. Oríkunkun yẹn dùn mọ́ mi. Má lò ó tán sórí àròyé nílé.

Kí o tó wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ ìwé àdéhùn: ọdún mélòó, èló, ìgbà wo ni fírídọ̀ọ̀mù. Kí bàbá rẹ fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ ni wàá máa ṣe, torí wọ́n lè sọ ọmọbìnrin di agbálẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ń rán lọ ra oúnjẹ, kí àwọn ọmọkùnrin tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sì ti máa tú ẹ́ńjìnnì.

Ṣòkòtò ni kí o máa wọ̀. Ìró àti ṣéènì kì í rẹ́.

Wọ́n á ní o ò lágbára. Sítáǹdì ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni wọ́n á fi dán ọ wò. Fi ọwọ́ òsì di hándù mú, fi ọ̀tún di irin ẹ̀yìn ìjókòó. Fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ sítáǹdì títí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á fi kanlẹ̀, kí o wá dúró lé e pẹ̀lú gbogbo ara. Ọ̀kadà á gòkè. Má fi ẹ̀yìn gbé e rárá.

Ṣéènì ni kí o kọ́kọ́ mọ̀ dunjú. Ti ọ̀kadà tó ń kó iṣu láti oko kì í pẹ́ dẹ̀. Yí táyà ẹ̀yìn, wá ibi tí ṣéènì ti le jù, ibẹ̀ ni kí o ti wọ̀n ọ́n: bí o bá fi ìka gbé e láàárín, kó mì tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Dẹ nọ́ọ̀tì ńlá táyà, kí o yí nọ́ọ̀tì tó ń fa ṣéènì ní òsì àti ọ̀tún lọ́gbọọgba, kí àmì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bára mu. Bí wọn ò bá bára mu, táyà á wọ́, ṣéènì á máa jẹ eyín irin tó gbé e. Má fà á le jù: bí èrò méjì bá gùn ún, á tún le sí i, á ba bíárìn jẹ́. Bí o bá dì í tán, yí táyà wò. Táyà tó sún sẹ́yìn máa ń fa ọ̀pá bíréèkì, bíréèkì á máa mú láìjẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́, á sì gbóná. Dẹ ọ̀pá náà díẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọọ̀ṣẹ́ ti ń gbàgbé.

Mo ti ra ṣípánà 8, 10, 12, 14 àti 17 dè ọ́. Wá gbà wọ́n kí ọjà tó ń bọ̀ tó kọjá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ