Lọ́yà tó bọ́ aṣọ ológun, kóòtù ló yẹ kó gbà lọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde kan àwọn agbẹjọ́rò tó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfuurufú, tí wọ́n wá fẹ̀yìntì tàbí tí àdéhùn iṣẹ́ wọn parí, tí wọ́n sì ń ronú ohun tí wọn yóò máa ṣe lẹ́yìn náà. Mo ṣe iṣẹ́ náà. Kàdúná ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo wà ní Máídúgùrì nígbà tí ogun Boko Haram gbóná, Àbújá ni mo ti bọ́ aṣọ. Ọ́fíìsì kékeré kan ni mo ní ní Kubwa báyìí, ẹjọ́ ni mo ń ṣe níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí àwọn ènìyàn wa ń fún àwọn ọmọ wọn ló mú mi kọ̀wé yìí. Níbi ìpàdé ọmọ ìlú wa, màmá kan sọ pé ọmọ òun ọkùnrin tó jẹ́ lọ́yà nínú iṣẹ́ ológun máa tó fẹ̀yìntì. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ìmọ̀ràn fi ń rọ́ wọlé. Ẹnì kan ní kó dá ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀, kó máa kó gádì fún báǹkì. Òmíràn ní kó lọ du ipò aṣòfin nílé. Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ní kó máa ra ilẹ̀ ní Lugbe kó máa tà á. Kò sẹ́ni tó dárúkọ kóòtù. Nígbà tí mo béèrè ìdí rẹ̀, bàbá náà dá mi lóhùn pé, "Ọmọ mi, èyí tí ẹ̀ ń ṣe ní bárékè yẹn náà, ṣé ẹjọ́ nìyẹn?"

Ẹjọ́ ni, sà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe bàbá nìkan ló ń rò bẹ́ẹ̀.

Òfin tó ń darí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà jáde ní 1993, ó sì wà nínú àkójọ òfin ilẹ̀ wa ti 2004. Ó pín ilé ẹjọ́ ológun sí oríṣi méjì. Èyí tó tóbi máa ń ní alága kan àti ọmọ ìgbìmọ̀ tí kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́rin. Èyí tó kéré ní alága àti ọmọ ìgbìmọ̀ tí kò gbọdọ̀ dín ní méjì. Àwọn tó ń jókòó yìí kì í ṣe agbẹjọ́rò dandan. Ọ̀kan lè jẹ́ ẹnjiníà, òmíràn lè jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń wa ọkọ̀ ogun. Nítorí náà ni òfin ṣe ní kí amòfin kan jókòó tì wọ́n láti máa là wọ́n lọ́yẹ̀ lórí ẹ̀rí, lórí ẹ̀sùn, lórí ohun tí wọ́n lè ṣe àti ohun tí wọn ò lè ṣe. Lọ́yà ológun mìíràn ló ń pẹjọ́. Òmíràn tún lè máa gbèjà sójà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ó ṣeé ṣe kí agbẹjọ́rò kan náà jókòó sí ààyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí nínú ẹjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó fẹ̀yìntì. Lọ́yà aládàáni mélòó ló ní irú ànfààní yẹn?

Ìdájọ́ tí wọ́n bá dá níbẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí aláṣẹ tí òfin yàn yóò fi fọwọ́ sí i. Tí ọ̀rọ̀ ò bá sì tẹ́ ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́ lọ́rùn, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ni yóò gbà lọ, èyí tí ẹjọ́ ìbò gómìnà àti ẹjọ́ ilẹ̀ ń dé. Abala 240 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kóòtù nìkan kọ́ ni iṣẹ́ ọ̀hún. Ní Máídúgùrì, kọ́máńdà lè pe lọ́yà ní ọ̀gànjọ́ òru. Wọ́n ti mú ọkùnrin méjì lójú ọ̀nà Bama, ọ̀kan gbé ìbọn, èkejì ò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Kí ni wọ́n lè ṣe sí wọn? Ta ni yóò kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ta ni yóò kọ ohun tí wọ́n bá lára wọn? Ìgbà wo ni wọ́n máa fà wọ́n lé àwọn tó lè gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ lọ́wọ́? Ìdáhùn gbọ́dọ̀ yá, ó gbọ́dọ̀ bá òfin mu, ó sì gbọ́dọ̀ yé ọ̀gá tí kò tíì sùn láti àná. Ẹni tó bá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lóhùn, adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Maitama kò lè fi ìbéèrè dẹ́rù bà á.

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá ò fojú kéré ọdún wọ̀nyẹn. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga gbọ́dọ̀ ti gba ìwé àṣẹ agbẹjọ́rò fún ó kéré tán ọdún 10. Ti Kòtẹ́milọ́rùn jẹ́ 12, ti Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ jẹ́ 15. Ìwé òfin kò sọ pé ọ́fíìsì aládàáni ni kó ti lo ọdún náà. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún lọ́yà ní àṣẹ tirẹ̀, nítorí náà lọ́yà ológun tó bá fẹ́ fìdí kalẹ̀ síbi tí kò ti gbàṣẹ rí gbọ́dọ̀ tún tọrọ àyè, nígbà mìíràn yóò tún jókòó ṣe ìdánwò. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti wà nínú ìwé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, bó ṣe lè ṣẹjọ́ ní Sókótó náà ló lè ṣe é ní Badagry.

Mi ò ní sọ pé kò sí ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́. Ó wà, ó sì pọ̀. Òfin tó ń darí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn láti 2015, tí gbogbo lọ́yà Àbújá ń gbé kiri bí Bíbélì tàbí Kùránì, abala rẹ̀ kejì sọ ọ́ kedere pé òun ò kan ilé ẹjọ́ ológun. Lọ́yà tó wà nínú iṣẹ́ ológun kí òfin náà tó dé, tó sì wá jáde lẹ́yìn rẹ̀, gbọ́dọ̀ jókòó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹjọ́ gbèsè, ẹjọ́ ogún, móṣọ̀n, ìyẹn ìwé tí a fi ń bẹ kóòtù fún nǹkan, àti àfidáfíìtì, ìwé ìbúra, tó ń bí móṣọ̀n mìíràn, gbogbo ìyẹn ń bẹ níwájú. Owó ọdún tí a ń san fún Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kí oṣù kẹta tó parí, àti òǹtẹ̀ Ẹgbẹ́ Agbẹjọ́rò tó ti di dandan lórí ìwé wa láti 2015, kí wọ́n má fi sílẹ̀ di ọjọ́ tí wọ́n bá bọ́ aṣọ.

Ipò ológun náà ò ní bá wọn wọ kóòtù. Ọdún tí wọ́n gbà wá wọlé gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò ni a fi ń mọ àgbà níbẹ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì tó gbàwé àṣẹ ní 2008 yóò jẹ́ kí ẹni tó gbà á ní 2003, tí kò wọ bàtà sójà rí, kọ́kọ́ dìde pe ẹjọ́ tirẹ̀. Akọ̀wé kóòtù kì í ṣe sájẹ́ǹtì. A ò lè pàṣẹ fún un pé kó gbé fáìlì wá kíákíá, ńṣe la máa ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́. Èyí tó sì ṣòro fún ọ̀pọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ owó. Ní bárékè, fáìlì ló ń wá lọ́yà wá, ìjọba ló ń sanwó oṣù. Níta, ẹnìkan yóò jókòó síwájú rẹ pẹ̀lú ìṣòro rẹ̀, ìwọ lo máa sọ iye tí o máa gbà, o sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ láì tijú. Ohun tí ènìyàn lè kọ́ láàárín oṣù díẹ̀ ni gbogbo èyí bó bá rí àgbà tó lè fi mọ̀nà. Ohun tí lọ́yà ológun ti mọ̀, ọdún púpọ̀ ni yóò gba ẹlòmíràn kó tó mọ̀ ọ́n.

Kí ló wá mọ̀ gan-an? Obìnrin kan wá bá mi láti Mararaba, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sójà ni ọkọ rẹ̀, ojú ogun ló kú sí. Nígbà tí ọkùnrin náà wọṣẹ́, kò tíì gbéyàwó, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbátan tí wọ́n gbọ́dọ̀ pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kò sì yí i padà títí tó fi kú. Ẹ̀gbọ́n wá gbé fáìlì owó dání, ó ní òun ni òfin mọ̀. Obìnrin yìí ti lọ bá lọ́yà kan tẹ́lẹ̀, ẹni náà bá a kọ lẹ́tà gígùn kan tó le koko, kò sẹ́ni tó fèsì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi í ni pé: ṣé ọkọ yín kéde ìgbéyàwó yín nínú Part Two Order? Ìwé yẹn ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun máa ń kọ ìgbéyàwó àti ọmọ bíbí sójà sí. Ó kéde rẹ̀. Orúkọ ìyàwó wà níbẹ̀, ti ọmọ méjì àkọ́kọ́ náà wà níbẹ̀. Láti orí ìwé yẹn la ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò jókòó sí ọ́fíìsì ológun rí, níbo ni yóò ti mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà, ká má tíì sọ yàrá tí wọ́n ń kó o sí?

Ti àwọn sójà tí wọ́n lé níṣẹ́ tún wà ńbẹ̀. Òfin kan wà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba, tó ní ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí iṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń jiyàn ibi tí òfin náà dé lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sùn lé e lè jí bá ilẹ̀kùn ní títì. Òfin ológun fúnra rẹ̀ tún ní ọ̀nà tí ọ̀gá àti sójà fi ń mú ẹ̀sùn wọn lọ sókè, abala 178 àti 179. Bí sójà kò bá gba ọ̀nà yẹn kọjá, ìjọba yóò sọ fún adájọ́ pé ó sáré wá jù. Sójà tí ìbànújẹ́ bá gbé lọ sábúlé fún ọdún kan kó tó wá lọ́yà lè ti pàdánù ẹjọ́ tí ì bá jàre rẹ̀. Lọ́yà tó ti wọ aṣọ náà rí á sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí 2014. Lóṣù kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ ológun níhìn-ín ní Àbújá dájọ́ ikú fún sójà 54 lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Femi Falana, agbẹjọ́rò àgbà, ló dúró fún wọn. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ ológun yí ìdájọ́ ikú náà padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá rò nípa ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ṣe, òfin fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn yàn. Amòfin àgbà bíi Falana kò lè wà ní gbogbo bárékè láti Rukuba dé Maimalari. Sójà tí kò lórúkọ nínú ìròyìn, tó ń jẹ́jọ́ lórí ìbọn tó sọnù, ta ni yóò dúró fún un? Èyí ni mo fi ń bínú nígbà tí mo bá gbọ́ pé lọ́yà ológun míì tún ti lọ ń kó gádì fún báǹkì.

Mo mọ̀ pé àwọn ilẹ̀kùn mìíràn wà tó bójú mu. Ẹnì kan lè máa pẹjọ́ fún EFCC tàbí ICPC, ẹlòmíràn lè kọ́ni ní yunifásítì, òmíràn lè bá àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ṣiṣẹ́. Ẹni tó ti yẹ ìwé kọngílá wò fún ológun wúlò fún ilé iṣẹ́ tó ń bá ìjọba ra ọjà. Inú òfin náà ni gbogbo wọn wà, mi ò sì lódì sí wọn.

Àwọn àgbà agbẹjọ́rò Yorùbá tó wà ní Àbújá yìí, tí mo mọ̀ pé ẹ̀ ń ka ìwé ìròyìn yìí lọ́jọ́ Sunday, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀. Tí lọ́yà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ bá wá bá yín, ẹ má ṣe fi í sí ààyè ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò ní Bwari, ẹ má sì bẹ̀rù rẹ̀ pé yóò máa pàṣẹ. Ẹ fún un ní ẹjọ́ kan tó le, kí ẹ sì jókòó tì í lórí móṣọ̀n àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ ológun náà lè ṣe ipa tiwọn. Ibùdó tó wà ní Oshodi ń kọ́ àwọn tó ń fẹ̀yìntì ní iṣẹ́ tí wọn yóò máa ṣe, ó sì ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ti lọ́yà yẹ kó yàtọ̀: kí wọ́n jẹ́ kó lo oṣù tó kẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ lọ́fíìsì agbẹjọ́rò aládàáni, kó máa tẹ̀lé wọn lọ sí kóòtù láìgba owó oníbàárà kankan.

Èmi àti àwọn agbẹjọ́rò díẹ̀ ní Kubwa ti fẹnu kò láti máa jókòó lọ́jọ́ Sátidé kan lóṣù fún àwọn opó sójà àti àwọn tí wọ́n lé níṣẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọwọ́ wa kò tó. Lọ́yà ológun tó ti fẹ̀yìntì, tàbí èyí tó máa tó fẹ̀yìntì, tó bá fẹ́ bá wa ṣe é, kó kọ̀wé sí yín, olóòtú, kí ẹ jọ̀wọ́ fi lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bí ó bá jẹ́ ọmọ màmá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, àyè rẹ̀ wà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Agbẹjọ́rò kan, Méjọ̀ tó ti fẹ̀yìntì,
Kubwa, Àbújá.