Kí Owó Àkọ́kọ́ Wọ Abẹ́ Bọ́néẹ̀tì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ni mí ní ọjà Bódìjà, Ìbàdàn. Ọkọ mi ló máa ń ka ìwé ìròyìn yín sókè fún gbogbo ilé tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, èmi ni mò ń kà á fún un. Lẹ́tà ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ̀wé láti Ìkòròdú lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi wá bírò. Ó ní bí ènìyàn bá ti gba kọ́kọ́rọ́ jíìpù àlòkù báyìí, ojú ọkọ̀ ni kó kọ́kọ́ pààrọ̀: bọ́ńpà tuntun, iná tuntun, ríìmù ńlá, tẹlifíṣàn sí dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ará àdúgbò má baà mọ̀ pé ọkọ̀ náà ti pẹ́ láyé. Baálé mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ti rí jíìpù olójú tuntun tó ṣí bọ́néẹ̀tì sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí, tí ìyá àti ọmọ jókòó sórí koríko, tí bàbá ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri nínú igbó kó lè pe mẹkáníìkì.

Ọ̀nà yẹn ni mò ń tọ̀, nítorí Ṣakí ni mo ti ń ra ọjà. Lọ́rì máa ń da ẹrù tiwa pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì, òjò á sì pa á kó tó dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra jíìpù Honda Pilot 2005 tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà kó tó dé ọwọ́ mi. Ìlà ìjókòó ẹ̀yìn méjèèjì ló ṣeé ká lulẹ̀ pẹrẹsẹ, àpò ẹlùbọ́ á sì nà gbalaja lórí wọn.

Ẹni tó tà á fún mi kò pè é ní 2005 o. 2007 ló pè é, ojú ọkọ̀ náà sì jọ bẹ́ẹ̀. Ní 2006 ni Honda yí ojú Pilot padà, àwọn ọmọ Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ojú yẹn wọ ti 2003, 2004 àti 2005. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan wà ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ní ọwọ́ dírẹ́bà, tí ènìyàn lè kà láti ìta. Lẹ́tà àti òǹkà 17 ló wà níbẹ̀. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 3 ni 2003, 5 ni 2005, 7 ni 2007, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 9, láti 2010 ni wọ́n ti bọ́ sórí A. Mo fi ìka ka a lórí gíláàsì, mo bá 5 ní ipò kẹwàá. Ọ̀gbẹ́ni náà ní, "Ah, Mọ́mì, ẹ mà mọ ọkọ̀ o." Mo ní èmi ò mọ ọkọ̀, ẹlùbọ́ ni mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń dá ẹlùbọ́ iṣu mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n po láfún mọ́, kò ní fi ojú lásán ra nǹkan. Owó wálẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó wálẹ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ibi tí owó náà lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ní kí mẹkáníìkì mi ṣí ni ìdérí bẹ́líìtì táímìn. Ó ní, "Ìyá, ọkọ̀ yìí ń dún bí ọkọ̀ tuntun, ẹ jẹ́ kó máa bá a lọ." Mo ní kí ó ṣí i. Honda kò fi ṣéènì sí ẹ́ńjìnnì V6 yìí, bẹ́líìtì rọ́bà ló wà níbẹ̀, òun ló ń mú kí fáàfù, ìlẹ̀kùn kéékèèké inú ẹ́ńjìnnì, ṣí kí ó sì padé lásìkò tí písítìnì ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ìlànà ilé iṣẹ́ náà ni kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní 105,000 máìlì, tí í ṣe nǹkan bíi 168,000 kìlómítà, tàbí ní ọdún 7, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Wọ́n tilẹ̀ ní kó má tó bẹ́ẹ̀ níbi tí ooru bá ti mú gan-an. Nínú ọkọ̀ àlòkù, èmi kì í gba máìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ́, nítorí ọwọ́ àwọn ènìyàn ti kan án. Ọjọ́ orí ọkọ̀ ni mò ń bá lò. Bí bẹ́líìtì yẹn bá já lórí eré, fáàfù àti písítìnì á forí gbárí, fáàfù á tẹ̀, hẹ́ẹ̀dì ẹ́ńjìnnì á sì di títú. Kì í sì í ké kí ó tó já. Ọkọ̀ tó ń dún dáadáa ní Ìsẹ́yìn lè kú kí ó tó dé Òkèehò.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kọjá ohun tí mo rò. Bóòtù ńlá kan ló di púlì kiráǹkì mú, gbogbo mẹkáníìkì Honda ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi páìpù gígùn bọ ọwọ́ sípánà, ọmọ iṣẹ́ méjì dúró lé e lórí, kò mira. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ gun un, gbogbo wọn fò lé e lẹ́ẹ̀kan náà, ó dún gbàù, àwọn adìẹ tó ń jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ sì sá wọ inú ọkọ̀ akọ́lé kan. Nígbà tí ìdérí ṣí, a rí bẹ́líìtì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òwú ti ń yọ létí rẹ̀ ní apá kan, ohun tí wọ́n kọ sí i lára ti parẹ́. Táńṣánà tó ń fà á le ti ń sun ọ́ìlì. Lára pọ́ọ̀ǹpù omi, níbi ihò kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìdọ̀tí funfun ti gbẹ mọ́ ọn, ìyẹn ni pé omi ti ń jò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mẹkáníìkì mi dákẹ́, ó sì yọ fìlà rẹ̀.

Bẹ́líìtì kan náà ló ń yí pọ́ọ̀ǹpù omi yẹn, nítorí náà wọn kì í pààrọ̀ ọ̀kan kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀. Bí pọ́ọ̀ǹpù bá kú lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, owó iṣẹ́ kan náà lẹ máa san padà, páìpù àti àwọn ọmọ tó ń fò á tún jáde. Ní Aràrómi ní Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, àwọn ọlọ́jà kọ́kọ́ gbé pọ́ọ̀ǹpù àti táńṣánà bẹ́líjíọ̀mù síwájú mi, èyí tí wọ́n tú lára ẹ́ńjìnnì òyìnbó. Mo ra bẹ́líjíọ̀mù ilẹ̀kùn, mo ra bẹ́líjíọ̀mù dígí, n kò ní ra bẹ́líjíọ̀mù ohun tó wà nínú táímìn. Odindi páálí tuntun ti Aisin, ti Japan, ni mo rà: bẹ́líìtì, pọ́ọ̀ǹpù, táńṣánà, àtàwọn róólà rẹ̀. Ó dùn mí lápò o.

Nígbà tí wọ́n ń da omi inú rédíétọ̀ nù, pupa ló jáde, pupa ìpẹtà. Wọ́n tú ilé tẹmọsítáàtì, òfo ni wọ́n bá. Ẹnìkan ti yọ ọ́ sọnù. Olóòtú, ẹ bá mi bá àwọn mẹkáníìkì wa sọ̀rọ̀ lórí èyí. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni pé "ilẹ̀ wa ò tutù, a ò nílò rẹ̀." Otútù kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé ibi tó yẹ, nǹkan bíi 80 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kó tó là á sílẹ̀ sínú rédíétọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa tutù jù lójú ọ̀nà márosẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láàárọ̀ ni, á sì máa da epo kún un. Ṣé irú àkókò yìí la ó máa da epo nù? Táǹkì Pilot gba nǹkan bíi lítà 77. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ẹni tó bá ń kún irú táǹkì bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Tẹmọsítáàtì tuntun kò tó owó ìdajì táǹkì.

Omi ẹ̀rọ lásán tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ tún ní ewu mìíràn tí àwọn ènìyàn kì í rò. Nínú rédíétọ̀ kan náà ni ọ́ìlì gíà ti ń kọjá kó lè tutù. Ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà láàárín wọn. Bí ìpẹtà bá jẹ ògiri yẹn, omi á wọ inú gíà, ọ́ìlì á ru gùdù, á di àwọ̀ osùn tí wọ́n bu wàrà sí, gíà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ kó tó kú pátápátá. Gíà Pilot kì í ṣe owó kékeré, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ bẹ́líjíọ̀mù. Mo pààrọ̀ rédíétọ̀, mo da kúláǹtì gidi, omi ìtutù ẹ́ńjìnnì, sí i, mo sì ní kí wọ́n so kúlà kékeré mìíràn mọ́ iwájú rẹ̀ fún ọ́ìlì gíà nìkan, kí òun àti omi má pàdé mọ́. Bí ọ̀dọ́ Ìkòròdú bá ń wá àgbéga, èyí ni tèmi. Kò tàn, kò dán, ẹ ò lè fi ya fọ́tò.

Ọ́ìlì gíà fúnra rẹ̀ náà fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan ti gbé gálọ́ọ̀nù pupa tó ń dà sí gbogbo ọkọ̀. Honda ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: Z1 ni wọ́n ń lò nígbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ yìí, DW-1 ló rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ bá sì tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, kò ní jáde tó ìdajì, ìyókù á ṣì wà nínú. Ẹ dà á, ẹ wà á díẹ̀, ẹ tún dà á. Ọ́ìlì tún wà nínú dífù ẹ̀yìn, ilé gíà tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn, ó sì ní irú tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kò rántí pé ó wà níbẹ̀ rárá. Èmi rántí, nítorí bọ́tìnì VTM-4 tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń yọ mí nínú ẹrọ̀fọ̀ nígbà òjò: ẹ dúró, ẹ fi gíà sí 1 tàbí 2 tàbí ẹ̀yìn, ẹ tẹ̀ ẹ́, agbára á wọ táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Tí eré bá ti kọjá nǹkan bíi kìlómítà 29 ní wákàtí, á tú ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ti táyà, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú pa táyà ọkọ̀ náà kí n tó dé, ó ń dán. Mo tẹríba, mo wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí létí rẹ̀, mo ka òǹkà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún: 2309 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún 2009. Mo rà mẹ́rin tuntun, 235/70R16. Àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù ti ka táyà àlòkù mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ kó wọ Nàìjíríà, síbẹ̀ ó wà létí títì káàkiri, tí wọ́n tò jọ bí ẹni ń pàtẹ ọjà.

Nígbà tí a wà ní ọgbà mẹkáníìkì, géndé kan yọ sí wa pé òun fẹ́ ra kátálísì abẹ́ ọkọ̀ mi, èyí tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́, pé "kò wúlò fún ọkọ̀ níbí, Mọ́mì." Owó tó dá lé e wúni lórí. Ó yẹ kó wúni lórí: pàlátínọ́ọ̀mù, pàládíọ́ọ̀mù àti ródíọ́ọ̀mù, àwọn irin olówó gọbọi, ló wà nínú rẹ̀. Mo bi í pé bí kò bá wúlò, kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ti gíláàsì dúdú tí ọ̀dọ́ náà tún yìn, òfin 1991 ṣì wà nílẹ̀ lórí rẹ̀. Kó lọ gba ìwé àṣẹ ọlọ́pàá kó tó lẹ̀ ẹ́.

Èyí tó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ éábáàgì, àpò tó ń wú jáde láti gba ènìyàn sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, èyí tí ilé iṣẹ́ Takata ti Japan ṣe, nítorí n kò rí i kí ẹnikẹ́ni ń sọ ọ́ lédè wa. Kẹ́míkà tó ń fẹ́ éábáàgì wọ̀nyẹn jáde máa ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti mú un pẹ́, nígbà tó bá sì bú, á fọ́ agolo irin tó wà nínú rẹ̀, á sì fi àfọ́kù irin ta ẹni tó jókòó. Ó ti pa ènìyàn tó lé ní 20 ní Amẹ́ríkà. Mílíọ̀nù lọ́nà 67 irú rẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n yọ lára ọkọ̀ níbẹ̀, ilé iṣẹ́ náà sì kéde ní 2017 pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́. Pilot 2003 sí 2008 wà nínú wọn, CR-V 2002 sí 2006 náà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ wọ̀nyí ló kún títì wa, ooru àti ọ̀rinrin sì ni tiwa yípo ọdún. Ọmọ mi fi nọ́ńbà 17 yẹn wo tèmi lórí íntánẹ́ẹ̀tì àjọ NHTSA, tó ń bójú tó ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n ní kò sí iṣẹ́ kankan tó ṣẹ́kù lórí rẹ̀. Ti aládùúgbò wa kan ṣì wà lára àwọn tí wọn kò tíì pààrọ̀ éábáàgì wọn, kò sì mọ ibi tí yóò gbé e lọ.

Olóòtú, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà, àti FRSC, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó: ẹni tó ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí éábáàgì rẹ̀ wà nínú ti Takata, ilé iṣẹ́ wo ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Àkúrẹ́ ni yóò bá a pààrọ̀ rẹ̀, ta ni yóò sì sanwó? Bí wọ́n bá dá yín lóhùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, nítorí ojú ọkọ mi.

Èmi ni tiyín,
Ìyá ẹlẹ́lùbọ́,
Ọjà Bódìjà, Ìbàdàn.