Ẹ má tíì yọ kábúrétọ̀ yẹn dànù

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹnì kan kọ lẹ́tà sí yín pé ẹni tó bá ṣì ń fi kábúrétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì) wa mọ́tò eré àtijọ́ ń fìyà jẹ ara ẹ̀ ni, kó yọ ọ́ dànù kó gbé injẹ́ktọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, sí i. Mi ò bá injẹ́ktọ̀ jà o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ẹ́ńjìnnì làwọn èèyàn máa ń dì lé kábúrétọ̀ lórí. Mọ́tò ń jẹ́ẹ̀kì, kábúrétọ̀ ni, kì í tètè sítáàtì, kábúrétọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ pọ́ìntì (ibi tó ń já iná kí pulọ́ọ̀gì lè ṣáná) ló jó tàbí wáyà pulọ́ọ̀gì ló gbó tàbí kí afẹ́fẹ́ máa gba abẹ́ gáskẹ́ẹ̀tì wọlé, tẹ́ ẹ bá sì gbé injẹ́ktọ̀ lé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, á ṣì máa jẹ́ẹ̀kì náà ni, owó á kàn ti lọ. Kábúrétọ̀ ò le rárá: afẹ́fẹ́ á sáré gba ibi tó fún kọjá, ìfúnpá ẹ̀ á lọ sílẹ̀ níbẹ̀, á wá fa epo jáde látẹnu jẹ́tì, ihò kékeré tí epo ń gbà. Kábúrétọ̀ SU méjì tó wà lórí MGB, mọ́tò eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi sikurúdíráfà àti etí lásán tún un ṣe, kó ṣáà máa rántí ọ́ìlì díẹ̀ tó yẹ kó wà lókè ẹ̀, torí tíyẹn bá gbẹ, mọ́tò á máa wúkọ́ tẹ́ ẹ bá tẹná.

Àwọn tó ń pariwo pé injẹ́ktọ̀ á ba mọ́tò àtijọ́ jẹ́ ńkọ́? Àwọn náà ò rántí nǹkan kan jàre. Mercedes 300 SL ti ń lo injẹ́ktọ̀ Bosch láti 1954, Corvette ti 1957 ní i, họ́sípáwà 283 ni wọ́n fi gbà nínú ẹ́ńjìnnì kúbíìkì íǹṣì 283. Triumph TR5 lo injẹ́ktọ̀ Lucas, èyí tí wọ́n kó lọ Amẹ́ríkà, TR250, kábúrétọ̀ ni wọ́n gbé sí i.

Bẹ́ ẹ ṣe ń lo mọ́tò yín ló yẹ kẹ́ ẹ wò. Ẹni tó ń wà á lójoojúmọ́, ní òtútù, tó tún ń gun òkè gíga, injẹ́ktọ̀ ló máa gbádùn, torí brain box (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí injẹ́ktọ̀ ìgbàlódé) á máa dín epo kù bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fúyẹ́, jẹ́tì ò lè ṣèyẹn fúnra ẹ̀. Àmọ́ wọn kì í sọ ìyókù fún yín. Nǹkan bíi 3 psi (ìwọ̀n ìfúnpá epo) ni póńpù kábúrétọ̀ ń lò, ti injẹ́ktọ̀ ìgbàlódé máa ń lé ní 40, họ́ọ̀sì àtijọ́ á bẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná nìyẹn o! Ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ máa nílò páìpù tó ń dá epo padà sí táǹkì, ẹ máa lu ihò sẹ́ńsọ̀ sí ẹ́sọ́ọ̀sì, dáínámò àtijọ́ náà sì lè má gbé e.

Tèmi ni pé, mọ́tò òpin ọ̀sẹ̀ tó bá kábúrétọ̀ wá láti ilé iṣẹ́, ẹ tún kábúrétọ̀ náà ṣe, kẹ́ ẹ fi igníṣọ̀n ẹlẹ́kítírónìkì rọ́pò pọ́ìntì. Èyí tó bá injẹ́ktọ̀ wá, ẹ fi injẹ́ktọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá sì yí i padà náà, kó má ta kábúrétọ̀ yẹn o, kó nù ún kó fi pamọ́ pẹ̀lú fílítà ẹ̀, torí ẹni tó máa ra mọ́tò náà lọ́la lè bèèrè ẹ̀.

Èmi òǹkàwé yín